Orí Kẹrin: Windows 10 Ti Kógbá Wọlé, Ta Ló Yẹ Kó Kúrò Níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 2015. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó kú nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà ń tẹ lẹ́tà lọ, akọ̀wé owó ń ṣírò owó, ọmọ iléèwé ń wo fídíò. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ohun tí wọ́n pàdánù kò ṣeé fojú rí: iná pupa kò tàn, ẹ̀rọ kò dún, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ìbéèrè tó wá kù ni bóyá kí èèyàn gòkè sí Windows 11, kó lẹ̀ mọ́ Windows 10 fún ìgbà díẹ̀ sí i, tàbí kó gba ọ̀nà mìíràn lọ pátápátá. Ìdáhùn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún oníròyìn, atẹ̀wé ní Ṣómólú, àti ìyá tó ń fi kọ̀ǹpútà bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní London sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wò: ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò dópin, agbára ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́, àti iṣẹ́ tó so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá èèyàn á kúrò. Iṣẹ́ ló yẹ kó pinnu ìgbà tí á kúrò. Agbára ẹ̀rọ ló máa sọ ibi tí á gbà. Bí ojú Windows tuntun ṣe rẹwà tó kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Ohun tó dópin gan-an

Ọjọ́ Túsìdé kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí oṣù kan tí àwọn olùwádìí kì í rí ihò tuntun nínú Windows, ihò tí ọ̀daràn lè gbà wọlé, kó jí pásíwọ̀ọ̀dù báńkì, tàbí kó ti fáìlì pa títí ẹni tó ni ín á fi sanwó. Windows 10 àti Windows 11 sì jọ ń lo ọ̀pọ̀ kóòdù kan náà. Bí wọ́n bá dí ihò kan lára Windows 11 lónìí, ẹni ibi á yẹ àtúnṣe náà wò, á rí ibi tí ihò wà gan-an, á sì lọ wò ó bóyá ó ṣì ṣí sílẹ̀ lára Windows 10. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tuntun ló wá ń júwe ẹ̀rọ àtijọ́ fún olè. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ihò tí ẹnikẹ́ni kò dí ń pọ̀ sí i, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ fura.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017 fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní MS17-010. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò tí àtúnṣe yẹn dí wọ inú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì inú wọn pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là ní Bitcoin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ilé ìwòsàn NHS kan ní láti darí aláìsàn pàjáwìrì síbòmíràn, wọ́n sì fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft ṣe àtúnṣe pàjáwìrì fún Windows XP, èyí tó ti kógbá wọlé láti oṣù Kẹrin, ọdún 2014.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì gbà pé Windows àtijọ́ nìkan ló léwu. Kò tán síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí WannaCry kó sí jẹ́ Windows 7, tí Microsoft ṣì ń tọ́jú nígbà náà. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ni kò fi í sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń pa ọpdéètì kó má baà jẹ détà wọn. Ẹni tó gòkè sí Windows 11 tó sì pa ọpdéètì rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ewu tó ń sá fún.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ti gòkè kì í sábà mọ̀. Windows 11 náà ní ẹ̀dà-ẹ̀dà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ ń dópin. Fún irú èyí tí aráàlú ń lò, ìyẹn Home àti Pro, oṣù 24 ni. Àtúnṣe dópin lórí ẹ̀dà 22H2 ti Windows 11 ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, lórí 23H2 ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọdún 2025. Ti 24H2 jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ Windows 11 sí lójú, tó sì dúró sórí 22H2, kò ní ààbò ju Windows 10 lọ. Láti mọ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, kí èèyàn di bọ́tìnnì Windows mú, kó tẹ R, kó kọ winver síbẹ̀, kó tẹ Enter. Nọ́ńbà ẹ̀dà náà á jáde. Kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka orí yìí ṣe é kó tó kà síwájú.

Fún ẹni tí kò tíì ṣetán láti kúrò lórí Windows 10, Microsoft fi ọdún kan kún un, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti wọ ètò yìí: kí èèyàn fi Windows Backup so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àkántì Microsoft, èyí tí kò gba owó, kó lo pọ́ìńtì 1,000 ti Microsoft Rewards, tàbí kó san 30 dọ́là. Owó ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó fún ẹ̀rọ 10 tó wà lábẹ́ àkántì kan. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀dà 22H2 ti Windows 10, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ sì wà nínú Settings, lójú ewé Windows Update. Fún ilé-iṣẹ́, owó rẹ̀ ga. Ó jẹ́ 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta péré. Ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ 10 á san 610 dọ́là lọ́dún kìíní, 1,220 lọ́dún kejì, 2,440 lọ́dún kẹta. Lẹ́yìn ọdún kẹta náà, ẹ̀rọ wọn á ti dàgbà sí i, wọ́n á sì tún ní láti ra òmíràn. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, ọdún kìíní nìkan ló bọ́gbọ́n mu, bí wọ́n bá fẹ́ fi í tọ́jú owó ẹ̀rọ tuntun.

Àwọn kan á ní Defender, tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ṣì ń gba ìmọ̀ tuntun lórí Windows 10, Microsoft sì ti ṣèlérí pé ó máa rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2028. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Defender ni láti dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ nígbà tó bá dé. Kò lè dí ihò tí fáírọ́ọ̀sì gbà wọlé. Ẹni tó bá gbára lé e nìkan ń retí pé gbogbo olè ni wọ́n á ti mọ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò yòókù ń fi Windows àtijọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Windows 7 kógbá wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, ọdún 2020. Chrome ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, títí Google fi sọ pé Chrome 109 ni wọ́n máa ṣe kẹ́yìn fún un lọ́dún 2023. Láti ìgbà náà ni àwọn ojú ewé kan ti ń sọ fún oníbàárà pé bíráúsà rẹ̀ ti gbó. Windows 10 náà máa rìn lójú ọ̀nà yẹn.

Ṣé ẹ̀rọ náà lè gbé e?

Windows 11 béèrè ohun púpọ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: RAM gígábáìtì 4 ó kéré tán, ààyè ìpamọ́ gígábáìtì 64, ìlànà ìtanná UEFI tó lè ṣe Secure Boot, TPM 2.0, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. Méjì tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ padà. TPM jẹ́ apá kan nínú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ síbi tí ètò mìíràn kò ti lè fọwọ́ kàn án. Ní ti ọpọlọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran kẹjọ ti Intel, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2017, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ní ti AMD, láti orí Ryzen 2000.

Bí a ṣe ń mọ ìran Intel kò le. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì kékeré (-) inú orúkọ ọpọlọ náà ló ń sọ ọ́. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, kò sí nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ, ó wà níbẹ̀. i7-10510U jẹ́ ìran kẹwàá. Láti rí nọ́ńbà yìí, kí èèyàn di bọ́tìnnì Windows mú, kó tẹ R, kó kọ msinfo32. Bó bá kọ tpm.msc síbẹ̀ dípò rẹ̀, á rí bóyá TPM wà, àti bóyá ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ 2.0. Microsoft tún ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tó ń sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ìdí rẹ̀.

Ibí ni ẹni tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ti gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń kó àwọn ẹ̀rọ tí kò lè gbé Windows 11 dà nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba ojú omi wá. Dell Latitude E7470, HP EliteBook 840 G3 àti ThinkPad T460 jẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára, wọ́n sì dùn ún lò, ṣùgbọ́n ìran kẹfà ni wọ́n. ThinkPad T480 àti EliteBook 840 G5 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ. Sábà ni, torí wọ́n ṣe àwọn kan lára méjèèjì pẹ̀lú ìran keje, bíi i5-7200U, ó sì ṣòro láti fi ojú dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà inú ẹ̀rọ ni kí olùrà wò. Orúkọ tó wà lórí ìdérí kò tó. Bí oníṣọ̀ọ̀bù bá sì ní, "Ẹ wò ó, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀ báyìí," ìyẹn kò fi ohunkóhun hàn. Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ fún un, bíi lílo ètò Rufus láti fo àyẹ̀wò náà. Microsoft sì ti sọ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe; ó lè máa rí i gbà lónìí kó má rí i gbà lọ́la. Ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń ṣeré lè gba irú ẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ tí owó báńkì ń gbà kọjá kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tó kúnjú ìwọ̀n máa ń sọ pé òun kò kúnjú ìwọ̀n. TPM lè wà nínú rẹ̀ kó jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan. Kí ẹni tó ni ẹ̀rọ tún un tan, kó sì wọ BIOS: F2 ni lára ọ̀pọ̀ Dell, F10 lára HP, F1 lára ThinkPad. Níbẹ̀, ó lè jẹ́ PTT ni Intel pè é, tàbí fTPM lọ́dọ̀ AMD. Títan án kò gba kọ́bọ̀. Ìṣòro kejì ṣòroó tú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń bá èèyàn tún ẹ̀rọ ṣe ló ti fi Windows sí i ní ìlànà Legacy àtijọ́, tí Secure Boot kò fi lè ṣiṣẹ́. Microsoft ní irinṣẹ́ kan, MBR2GPT, tó ń yí i padà láìpa fáìlì rẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí kò tíì ṣe àdàkọ fáìlì rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun pàtàkì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀rọ tuntun kó tó wo ohun méjì yìí.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó kúnjú ìwọ̀n nínú ìwé, síbẹ̀ tí kò yẹ kó gòkè bó ṣe wà. RAM gígábáìtì 4 ni Microsoft kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí Chrome àti Word papọ̀ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kàn máa wò ó ni. Bí ó bá sì jẹ́ háàdì dísíìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, á falẹ̀ ju bó ṣe falẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, SSD àti RAM tó di gígábáìtì 8 ló yẹ kó ṣáájú. Ìyàtọ̀ tí SSD máa ń mú wá pọ̀ débi pé àwọn kan á rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ tó so mọ́ ọn

Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń yára kọjá níbí, bẹ́ẹ̀ ibí ni owó ti ń sọnù. Nígbà tí Windows Vista jáde ní oṣù Kìíní, ọdún 2007, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ìyàwòrán lóríṣiríṣi kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tó ṣe wọn kò tíì kọ dráíbà tuntun. Nígbà tí Apple gbé macOS Catalina jáde ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, gbogbo ètò tí wọ́n kọ fún ìlànà 32-bit dẹ́kun iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó bá gòkè sí i, ì báà jẹ́ pé olówó ló rà á lówó gọbọi. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ètò kò bàjẹ́. Wọn kò kàn gbọ́ èdè ara wọn mọ́.

Windows 11 kò ṣe tó báyẹn. Ètò tó pọ̀ jù lọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀dà 32-bit rárá, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé àwọn ètò ìṣírò owó oṣù tí wọ́n kọ láyé DOS, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 oní-32-bit ní ọ́fíìsì kan, kò ní ṣí níbẹ̀. Atẹ̀wé tó ń lo CorelDRAW àtijọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, àti oníṣọ̀ọ̀bù tó ń fi ẹ̀rọ kékeré tẹ rìsíìtì.

Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n gbé bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo ẹni tó bá lò ó kọ orúkọ ètò tó ṣí àti ohun tó fi wáyà so mọ́ ọn. Ètò tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń fa wàhálà nígbà tí owó oṣù bá fẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sójú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n kọ Windows 11 síbẹ̀, kí wọ́n sì gba dráíbà rẹ̀ sílẹ̀ sórí fláàṣì kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní ohun kan láti fi kún bébà náà: ohun tó fi ń tẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Keyman ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11, nítorí náà ẹni tó ń lò ó kò ní ìṣòro. Ẹni tó ṣòro fún ni ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn pẹ̀lú fọ́ǹtì tí ẹnì kan ṣe fúnra rẹ̀ kí Unicode tó gbilẹ̀. Bí fọ́ǹtì yẹn kò bá sí lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ àti ọ á di àmì mìíràn tí kò ní ìtumọ̀. Kí ó wá fáìlì fọ́ǹtì náà nínú fólídà Fonts, kó da á kọ sí ibi ààbò, kó sì tún sọ àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì di PDF kó tó gòkè.

Ìgbà tó yẹ

Ìgbà ara là ń búra. Sísáré jù náà ní ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Microsoft gbé ẹ̀dà 1809 ti Windows 10 jáde, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn kan tó gbà á rí i pé fáìlì inú Documents àti Pictures wọn ti pòórá. Ilé-iṣẹ́ náà dá a dúró, wọ́n tún un ṣe, wọn kò sì tún gbé e jáde títí di ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá. Ẹni tó dúró fún oṣù méjì kò gbọ́ nǹkan kan lára. Bí ẹ̀dà ńlá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lè sinmi fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, níwọ̀n ìgbà tí àtúnṣe ààbò ṣì ń wọ inú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti dópin, ìdúró kò lérè mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Windows rẹ̀. Akáńtáǹtì kò gbọ́dọ̀ ṣe é ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ọjọ́ méjèèjì òpin ọ̀sẹ̀ ṣì wà níwájú fún àtúnṣe ohun tó bá yíwọ́, ló dára jù.

Kí èèyàn tó tẹ bọ́tìnnì ìgòkè, iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé fò: àdàkọ fáìlì. Kó wà níbi méjì, kí ọ̀kan wà níta ẹ̀rọ náà, yálà lórí háàdì dísíìkì tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó sì ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, torí àdàkọ tí kò ṣí kì í ṣe àdàkọ. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti gbogbo dísíìkì pa, bá wà lórí ẹ̀rọ, kó wá nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀ tó ní díjíìtì 48 nínú àkántì Microsoft, kó kọ ọ́ sórí bébà. Lẹ́yìn ìyípadà nínú BIOS, ẹ̀rọ lè béèrè rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, bí kò bá sì sí, kò sí ẹni tó lè ṣí i, Microsoft pàápàá kò lè ṣe é.

Ní ti détà, Windows 11 lé ní gígábáìtì 5. Ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ mélòó kan kò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi Media Creation Tool ti Microsoft gbà á lẹ́ẹ̀kan sórí fláàṣì gígábáìtì 8, kí wọ́n sì máa gbé e kiri. Ní ti iná, kí bátìrì kún, kí wáyà wà lójú iná, kí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfẹ́tà sì wà nítòsí. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, Windows lè má tan mọ́. Ẹni tó bá sì ní Windows tí wọ́n fi ètò ìjí ṣí, tí àwọn kan ń pè ní àktífétọ̀, kó mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì dání, gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí kò sì lè gba ẹ̀rọ náà là níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ní Windows 10 gidi, ìgòkè sí 11 jẹ́ ọ̀fẹ́.

Bó bá gòkè tán tí ohun kan kò lọ bó ṣe yẹ, ọjọ́ 10 ló ní láti padà sí Windows 10 láìpàdánù fáìlì. Ó wà nínú Settings, lábẹ́ System, níbi Recovery: Go back. Láàárín ọjọ́ 10 yìí, kí ó má fi Disk Cleanup pa fólídà Windows.old rẹ́, torí inú rẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀ wà. Kí ó lo ọjọ́ náà láti dán gbogbo ohun tó wà lórí bébà wò, títí kan èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ̀rọ tí kò lè gòkè

Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tó ṣì lágbára kò di pàǹtírí nítorí Microsoft kọ̀ ọ́. Linux Mint 22, tó jáde ní oṣù Keje, ọdún 2024, ń gba àtúnṣe títí di ọdún 2029, ọ̀fẹ́ ni, RAM gígábáìtì 4 sì tó o. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè gbé e sórí fláàṣì, kó tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀, kó wo bóyá Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́, láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ ń ṣí fáìlì Word àti Excel, Firefox sì ń ṣí ojú ewé báńkì. Ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, tó sì ń ka ìròyìn, kò nílò ju èyí lọ. Atẹ̀wé tó ń lo CorelDRAW nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí CorelDRAW kò sí fún Linux. Ẹ̀rọ ìran kẹjọ ló yẹ kí irú rẹ̀ máa tọ́jú owó fún.

Ẹ̀rọ kan ṣì wà tó lè dúró sórí Windows 10: èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tó ń ṣiṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi kí ó máa darí ẹ̀rọ ìgé bébà. Kí wọ́n yọ Wi-Fi rẹ̀, kí wọ́n máa yẹ gbogbo fláàṣì wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí wọ́n tó fi sí i, kí wọ́n sì má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi fóònù rẹ̀ fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀rọ àtijọ́ náà, iṣẹ́ kan ló kù. Kí wọ́n kọ́kọ́ jáde kúrò nínú gbogbo àkántì, báńkì àti ímeèlì ni kó ṣáájú. Kí wọ́n wá lọ sí Settings, níbi Recovery, kí wọ́n yan Reset this PC, lẹ́yìn náà Remove everything, kí wọ́n sì wọ Change settings láti tan Clean data. Bí wọn kò bá tan ìyẹn, fáìlì tí wọ́n rò pé ó ti parẹ́ ṣì ṣeé wá jáde. Ó lè gba wákàtí mélòó kan lórí háàdì dísíìkì ńlá, nítorí náà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú àárọ̀ tí oníbàárà máa wá gbé e, kí wọ́n sì fi í sójú iná títí yóò fi parí.